Ẹni Tó Ni Tẹlifíṣọ̀n

Ẹni tó bá ti jókòó sí etí àga rí nínú ilé ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀, tí kò lè fẹ̀yìn tì, tí kò sì lè dìde, òun nìkan ló mọ irú àyà tó ń já Dókítà ní gbogbo àsìkò tí mo fẹ́ sọ yìí. Dókítà tí mo ń wí kì í ṣe dókítà ilé ìwòsàn o. Tẹlifíṣọ̀n, rédíò àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni aláìsàn tirẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó wà níwájú ilé wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù atúnbàtàṣe. Àwọn ará àdúgbò ló sọ ọ́ ní Dókítà, nítorí bó bá fẹ́ ṣí ẹ̀rọ, á kọ́kọ́ gbé etí lé e bí ẹni tó ń gbọ́ èémí. Obìnrin ọmọ ọgbọ̀n ọdún ó lé kan ni. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò gbọ̀n.

Ọkùnrin tó kó ìdààmú bá a, tíṣà ni. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ilé ẹ̀kọ́ wọn ló kọ́kọ́ gbé wá, tó ń kùn bí oyin. Dókítà tún un ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbé e padà wá, ó ní kò fọhùn mọ́. Dókítà tún un ṣe. Nígbà tó gbé e wá lẹ́ẹ̀kẹta, Dókítà yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà padà, ó wò ó, ó sì gbójú sókè.

"Tíṣà, ta ló fa wáyà yìí yọ?"

Tíṣà ń wo ilẹ̀. "Tí mo bá purọ́, ṣé wàá mọ̀?"

"Màá mọ̀."

"Èmi ni."

"Kí ló dé?"

"Mi ò rí nǹkan mìíràn tí màá fi wá síbí."

Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí, ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Dókítà ni Tíṣà máa ń gbà lọ sílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òdìkejì ìlú ni ilé rẹ̀ wà.

Kò sí ọjọ́ tí Tíṣà kì í dárúkọ ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti di olóògbé láti ìgbà tó wà ní kékeré, ẹ̀rọ ìránṣọ ni ìyá náà fi tọ́ ọ dàgbà. Ìyá Aránṣọ ni gbogbo ayé ń pè é. Ogójì ọdún ló ti ń rán yunifọ́ọ̀mù, tó fi jẹ́ pé àwọn ìyá ọmọ tó ń rán aṣọ fún báyìí, òun náà ló rán tiwọn. Ohun méjì ni Tíṣà fi ń yangàn nípa rẹ̀. Èkíní ni pé ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, òun àti ìyá òun máa ń jókòó wo bọ́ọ̀lù, kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n sì tó pe orúkọ ẹni tó mú bọ́ọ̀lù, ìyá òun á ti pe nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀. Èkejì ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá a ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

"Ó ní ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá bá òun ti òwú bọ abẹ́rẹ́," ni Tíṣà wí, "ká gbé ẹ̀rọ òun kúrò nílẹ̀, ó tán nìyẹn."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ohun tí Tíṣà sọ tẹ̀ lé e kò pa á lẹ́rìn-ín rárá.

"Mi ò lè mú ìyàwó wọ ilé tí inú ìyá mi ò bá dùn sí. Mo ti sọ fún ara mi tipẹ́. Kó o má bàa sọ pé mi ò sọ fún ọ."

Láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn Dókítà kò ti lélẹ̀ mọ́.

Bí ó sì ti ń bẹ̀rù náà ló rí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó rí Ìyá Aránṣọ ní òdìkejì títì, tó gbé ìdì aṣọ lápá. Tíṣà ti fi àwòrán ìyá náà hàn án rí, ìyá náà sì ti rí àwòrán tirẹ̀. Dókítà dúró, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó tẹrí ba títí àpò iṣẹ́ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ìyá náà kọjú sí i gan-an. Ó wò ó bí ẹni wo ògiri, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Atúnbàtàṣe rí gbogbo rẹ̀, ó sì ṣe bí ẹni tí kò rí i, èyí tó tún dun Dókítà ju ìwọ̀sí náà lọ.

Nígbà tí Tíṣà mú un lọ sílé láti lọ fi í han ìyá rẹ̀, kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá Aránṣọ kí i dáadáa, ó ní kó jókòó, àmọ́ ibi èjìká rẹ̀ ló ń wò nígbà tó ń bá a sọ̀rọ̀, kì í ṣe ojú rẹ̀. Ó bu omi fún un. Omi kún ife, ó ṣàn kọjá ẹnu ife, ó sì dà sí Dókítà lára kí ìyá náà tó gbé jọ́ọ̀gì omi kúrò.

"Pẹ̀lẹ́ o," ni ìyá náà wí, kò sì wá aṣọ kankan fún un láti nù ún.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn èyí ni Àǹtí Agbẹ̀bí wá sí ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò bàbá Tíṣà ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí ní ìlú mìíràn, òun ni Tíṣà sì bẹ̀ pé kó wá ṣe alárinà. Obìnrin tó sanra ni, kì í rọra sọ̀rọ̀.

"Mo ti bá ìyàwó wa sọ̀rọ̀," ló wí. Ìyàwó wa tó ń pè yẹn, Ìyá Aránṣọ ni.

"Kí ni wọ́n wí, mà?"

"Ó ní o ń wo nǹkan jù."

"Mo ń wo nǹkan jù báwo?"

"Èmi náà bi í. Ó ní ọmọ tó jẹ́ pé ohun tó bàjẹ́ ló ń wá kiri láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní jẹ́ kí àgbà sinmi nínú ilé." Ó wo Dókítà, àánú ṣe é. "Fọkàn balẹ̀. Wọ́n ní tí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà a yẹ̀ba. Èmi ò tíì yẹ̀ba. Mo ṣì jókòó síbí."

Dókítà ò rí ohun tó fi lè fọkàn balẹ̀. Bí òun bá jẹ́ ọ̀lẹ, òun lè yí padà. Bí òun bá jẹ́ aláìlọ́wọ̀, òun lè kọ́ ọ̀wọ̀. Báwo ni èèyàn ṣe ń dín ojú tó fi ń wo nǹkan kù?

Àárín wàhálà yìí ni tẹlifíṣọ̀n Ìyá Aránṣọ kú.

Tíṣà ló mú ìròyìn náà wá. Ó lọ wo bọ́ọ̀lù, ó tẹ súwìṣì títí, kò tàn. Ó sì ti dá ẹjọ́ náà tán kó tó dé ṣọ́ọ̀bù.

"Ó ti gbó. Ọdún kẹtàlá rẹ̀ rèé. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Màá ra tuntun fún un, èyí tó fẹ̀ tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri."

"Kí ni Màmá wí?"

"Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyẹn. Ó ní òun ò fẹ́ tuntun. Mo ní ká tún un ṣe nígbà náà. Ó ní òun ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni tún un ṣe. Mo ní kí wá ni ká ṣe? Ó ní ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ṣé tẹlifíṣọ̀n ni òun ń jẹ ni."

Àǹtí Agbẹ̀bí ló rí ọ̀nà níbẹ̀, tàbí ó rò pé òun rí i. Ó ní kí Dókítà lọ yẹ tẹlifíṣọ̀n náà wò ní ọjọ́rú, kí ìyàwó àwọn lè rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jókòó. Bí Dókítà bá ní ó ṣe é tún ṣe, wọ́n á tún un ṣe. Bó bá ní ó ti kú, Tíṣà á ra tuntun. Ọjọ́ náà gan-an ni Ìyá Aránṣọ máa sọ tẹnu rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, nítorí òun Àǹtí ń padà sílé òun ní ọjọ́ Ajé, òun ò sì ní padà wá jókòó sórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo títí òun fi máa hu ewú tuntun.

Bàbá Dókítà kò fẹ́ kó lọ.

"Ẹni tó wò ọ́ lójú títì tí kò kí ọ, inú ilé rẹ̀ lo fẹ́ lọ ká wáyà?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n lọ."

Bàbá náà gbé àpò irinṣẹ́ fún un. "Tó o bá débẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ni kó o tún ṣe. Má ṣe lọ tún ilé ọkọ ṣe. Ṣé o rántí òfin wa?"

Ó rántí. Láti ọmọ ọdún méjìlá ló ti ń gbọ́ ọ. Inú ẹ̀rọ ni àṣírí ilé máa ń sá sí, ni bàbá rẹ̀ máa ń wí. Ó ti bá lẹ́tà níbẹ̀ rí, ó ti bá òrùka tí wọ́n ní olè jí. Nítorí náà, ohun yòówù kí wọ́n bá nínú ẹ̀rọ, ẹni tó ni ín ni wọ́n ń sọ fún. Kì í ṣe ẹni tó gbé e wá, kì í sì í ṣe ẹni tó máa sanwó. Ẹni tó ni ín ló kù sí lọ́wọ́ láti sọ ọ́ tàbí láti gbé e mì.

Ní ọjọ́rú, Ìyá Aránṣọ ṣílẹ̀kùn fún un, ó ní "Wọlé," ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, níbi tí oòrùn ti ń wọlé. Yunifọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ bíi mẹ́wàá wà lórí tìmùtìmù kékeré kan, gbogbo wọn ló ti ní òwú nídìí. Dókítà rí i pé àpò ẹ̀wù tó wà lókè pátápátá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó gbójú kúrò kíákíá. Ṣé kì í ṣe pé òun ń wo nǹkan jù ni wọ́n wí?

Tẹlifíṣọ̀n náà wà ní pálọ̀, lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n fi aṣọ bò ó láti òkè dé ilẹ̀. Dókítà ká aṣọ náà sókè, ó fà á síwájú díẹ̀, ó fọwọ́ wá wáyà iná lẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Wáyà náà kò jó. Eku kò jẹ ẹ́. Wọ́n gé e ni, níbi tó ti wọ ara tẹlifíṣọ̀n gan-an, níbi tí aṣọ ti bò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gé e kó tó já, ẹnu rẹ̀ sì mọ́ bí ibi tí àlùmọ́gàjí tó mú bá ti kọjá. Fọ́nrán òwú búlúù kan há mọ́ ara bàbà wáyà náà.

Dókítà tún fọwọ́ kàn án. Pàkúté ni, ló wí nínú ara rẹ̀. Ìyá yìí mọ̀ọ́mọ̀ gé e kó lè rí mi mú. Bí mo bá ní nǹkan ńlá ló bàjẹ́ níbẹ̀, á ní òpùrọ́ ni mí. Bí mo bá sì ní wọ́n gé e ni, á ní mo pe òun ní òpùrọ́ lójú ọmọ òun. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ó ń rò ó síwá, ó ń rò ó sẹ́yìn. Ó rántí wáyà tí Tíṣà fà yọ lọ́jọ́sí. Ó jọ pé ìran yìí ò mọ nǹkan mìíràn ju wáyà lọ.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀. Ìyá Aránṣọ dúró sí iwájú rẹ̀, kò ju ìgbésẹ̀ kan lọ sí i.

Inú bí Dókítà lójijì, irú èyí tó ń wá lẹ́yìn ìbẹ̀rù. Ó gbé ẹnu wáyà méjèèjì sókè, ó nà wọ́n síwájú ojú ìyá náà, kó wí tẹnu rẹ̀.

Ìyá Aránṣọ wo ọ̀kánkán. Ó wò ó dáadáa.

"Kí lo rí?" ló bèèrè. "Ṣé o ti ṣí i?"

Wáyà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú rẹ̀. Ọwọ́ Dókítà ṣì wà lókè. Ó gbé e lọ sápá ọ̀tún díẹ̀díẹ̀, ó gbé e padà sápá òsì. Ojú ìyá náà kò tẹ̀ lé e.

"Màmá," ló wí jẹ́jẹ́, "láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà wo ni kí ni?"

"Wáyà tẹ́ ẹ gé wà lọ́wọ́ mi. Iwájú yín ni mo gbé e sí."

Ìyá Aránṣọ na ọwọ́. Ó wá àga títí ọwọ́ rẹ̀ fi bà á, ó sì jókòó. Kò jiyàn.

"Láti ìgbà òjò," ló wí níkẹyìn. "Ó kọ́kọ́ dà bí èéfín. Mo rò pé ojú tẹlifíṣọ̀n ló dọ̀tí. Mo nù ún, mo nù ún. Ní Sátidé kan, ọmọ mi ní, 'Màmá, ta ló gbá a wọlé yẹn?' Mo ní nọ́ńbà méje. Nọ́ńbà mọ́kànlá ni. Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Sátidé kejì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣì í. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí wò mí. Nígbà tí Sátidé kẹta ń bọ̀, mo mú àlùmọ́gàjí."

"Ẹ gé wáyà iná, Màmá!"

"Mo kọ́kọ́ yọ ọ́ lára ògiri. Mi ò ya wèrè."

Dókítà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló fẹ́ jáde. "Ọjọ́ tí mo kí yín lójú títì, tí ẹ gbé aṣọ lápá..."

"Ọjọ́ wo?"

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan tí Dókítà ti gbé sáyà fún oṣù méjì ṣe bọ́ sílẹ̀. Ìyá yìí ò wò ó bí ẹni wo ògiri. Kò rí i ni. Kò rí ẹ̀rín rẹ̀, kò rí i bó ṣe tẹrí ba, kò rí ibi tí ife ti kún. Inú rẹ̀ dùn, ojú sì tì í pé inú òun dùn sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

"Ìdí tí mo fi ní mi ò fẹ́ ọ nìyẹn," ni Ìyá Aránṣọ wí. "Ọmọ mi máa ń ròyìn rẹ. Ó ní kò sí ohun tó fara sin fún ọ. Mo ní, à á, èyí máa rí mi láàárín ọjọ́ mẹ́ta."

"Màmá, dókítà ojú wà. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n lè mú nǹkan tó dà bí èéfín yẹn kúrò. Àmọ́ tó bá pẹ́ jù, ta ló mọ̀? Ẹ̀tẹ̀ lẹ fi sílẹ̀ yìí tẹ́ ẹ ń pa làpálàpá."

"Wọ́n á ká mi kúrò nídìí ẹ̀rọ mi. Wọ́n á gbé mi sínú yàrá kan, wọ́n á máa mú mi lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwẹ̀. Ogójì ọdún ni mo fi ń bọ́ ara mi." Ó na ọwọ́ sí ibi tí ohùn Dókítà ti ń wá. "Gbọ́. Ní Sọ́ńdè, sọ fún wọn pé ó ti kú, kò ṣe é tún ṣe. Màá sọ fún ọmọ mi pé ìró rẹ̀ ń fọ́ mi lórí, kó má ra òmíràn. Ìwọ náà, màá ní mo gbà. Tọkàntọkàn ni màá fi gbà. Wàá fẹ́ ẹ, kò ní sí wàhálà."

Ẹ wo ohun tí ọmọ yìí ti ń wá láti oṣù wọ̀nyí, tí wọ́n gbé e fún un lórí àwo. Gbólóhùn kan péré. Kò sì sí ẹni tó máa mọ̀.

"Mi ò ní sọ àṣírí yín fún ẹnikẹ́ni," ni Dókítà wí. "Ẹni tó ni ẹ̀rọ là ń sọ fún, mo sì ti sọ fún yín. Àmọ́ mi ò lè sọ pé ohun tí kò kú ti kú. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún wọn, Màmá."

"Mi ò ní sọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Nígbà náà, mi ò ní gbà ọ́." Ìyá Aránṣọ dìde, ó fọwọ́ tọ ògiri padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Dókítà kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, kò so wáyà náà, ó sì jáde.

Láti ọjọ́rú sí ọjọ́ Àìkú gùn ju oṣù kan lọ. Ní ọjọ́bọ̀, Tíṣà sáré wá.

"Kí ló ṣe é?"

"Jẹ́ kó di Sọ́ńdè."

"Èmi náà lò ń sọ pé kó di Sọ́ńdè fún?"

"Tíṣà, jọ̀ọ́."

Ó wò ó títí. "Ìyá mi ò jẹun láti àná. Mo bi í, kò fèsì. Mo bi ìwọ náà, o ò fèsì. Kí lẹ bá ara yín sọ nínú ilé yẹn?"

Dókítà tẹrí mọ́ rédíò tó wà níwájú rẹ̀. Tíṣà yí padà, ó lọ, ọ̀nà tó yá jù ló sì gbà lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò yà rárá. Dókítà jó òjé tí wọ́n fi ń lẹ wáyà sí ibi tí kò yẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń bi ara rẹ̀ pé ṣé òfin bàbá òun ni òun ń pa mọ́ ni, àbí agídí lásán. Bí òun bá ti sọ pé ó ti kú, òun ì bá ti wà nínú ilé náà, òun ì bá sì ti lè mú ìyá náà lọ sọ́dọ̀ dókítà tó bá yá. Tó bá yá dà? Ojú ta ni yóò dúró de tó bá yá? Ó rò ó títí orí rẹ̀ fi wú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé jọ sílé Ìyá Aránṣọ. Tíṣà wà lọ́tùn-ún, Dókítà wà lósì, Àǹtí Agbẹ̀bí kún àga tó wà láàárín wọn. Ìyá Aránṣọ ò jókòó pẹ̀lú wọn. Ìdí ẹ̀rọ rẹ̀ ló wà, ó gbé ẹ̀wù kan lé itan, ó ní òun ń gbọ́ wọn.

"Ó yá," ni Àǹtí wí. "Ká tún un ṣe ni, àbí ká ra tuntun?"

Ohùn Ìyá Aránṣọ ló ń wá sí Dókítà létí: *sọ pé ó ti kú*.

"Ó ṣe é tún ṣe, mà. Kò tó iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sí ìdí kankan láti ra tuntun."

"O ṣeun," ni Àǹtí wí. "Kí ló wá ṣe é?"

"Mo ti sọ fún Màmá."

"Sọ fún àwa náà."

"Ẹ má bínú, mà. Níbi iṣẹ́ wa, ẹni tó ni ín la ń sọ fún."

Tíṣà gbójú sókè. "Èmi ni mo bẹ̀ ọ́ níṣẹ́. Ìyá mi ni. Mo bi ọ́ ní Ọjọ́bọ̀, o ò sọ. Mo tún ń bi ọ́ báyìí."

"Màmá ló ni tẹlifíṣọ̀n."

"Àbí o ò mọ ohun tó ṣe é ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún dé egungun. Ó mọ̀ pé inú ló ń bí i, ó mọ̀ pé ẹ̀rù ìyá rẹ̀ ló ń bà á, síbẹ̀ ó dùn ún.

"Ọmọ mi," ni Àǹtí wí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà, "a kì í fi àṣírí ṣíde ilé ọkọ. Ẹni tó bá ń fi nǹkan pamọ́ fún ọkọ ẹ̀ nísinsìnyí, kí ló máa ṣe lọ́la?"

Gbólóhùn kan ṣoṣo tó lè gba Dókítà là wà lórí ahọ́n rẹ̀. *Màmá ò ríran mọ́.* Ó wo Ìyá Aránṣọ. Ìyá náà ò gbórí sókè. Kì í ṣe gbogbo ohun tójú bá rí lẹnu ń sọ. Dókítà gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó dìde.

"Ẹ ṣé tí ẹ gbà mí lálejò," ló wí. "Wáyà ni, Tíṣà. Nǹkan kékeré ni. Ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá pè ló lè so ó." Ó ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Dókítà."

Ìyá Aránṣọ ò tíì pè é ní orúkọ kankan rí.

"Mà."

"Wá."

Ó padà wá. Tìmùtìmù kékeré náà wà lórí tábìlì. Àwọn abẹ́rẹ́ tó ní òwú nídìí ní ọjọ́rú, èyí tí ìyá náà ti ti òwú bọ̀ pamọ́ nígbà tó ṣì ń ríran díẹ̀, ti ṣófo, gbogbo wọn. Ìyá Aránṣọ fọwọ́ tọ́ ọ títí ó fi yọ ọ̀kan. Ó fọwọ́ wá òwú búlúù lórí itan, ó rí i. Ó na méjèèjì síta, sí ibi tó rò pé Dókítà dúró sí, ó sì fi díẹ̀ ṣì í.

"Bá mi ti òwú bọ abẹ́rẹ́ yìí."

Dókítà kò yíjú padà, ṣùgbọ́n ó gbọ́ tí Tíṣà dìde, ó gbọ́ tí àga rẹ̀ lu ògiri.

"Màmá," ni Tíṣà wí. Ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọdé. "Màmá, nọ́ńbà méje ọjọ́ yẹn..."

"Dákẹ́ ná. Jẹ́ kó ráyè."

Ọwọ́ Dókítà ń gbọ̀n. Ọwọ́ tó ń jó òjé mọ́ ohun tí kò tó orí kòkòrò, òwú kan ṣoṣo ń ṣe é léèmọ̀. Ó tì í, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fi ẹnu rẹ òwú náà, ó tún tì í, ó tún kọjá.

"Ìwọ náà?" ni Ìyá Aránṣọ bèèrè, ẹ̀rín sì wà lóhùn rẹ̀. "Ṣé kì í ṣe pé ká jọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ọ̀hún?"

Ẹ̀rín ló jẹ́ kí ọwọ́ náà rọ̀. Ó wọlé lẹ́ẹ̀kẹta. Dókítà fi abẹ́rẹ́ náà sí i lọ́wọ́, ó sì tọ́ ìka rẹ̀ síbi tí òwú wà. Ìyá Aránṣọ fi ìka fà á, ó dán an wò.

"Òwú yóò máa já o," ló wí. "Bọ́tìnnì ogún ló kù kí n tó gbà kẹ́nikẹ́ni mú mi lọ síbi kankan. Kọ́ ọkọ rẹ náà, kó lè máa bá mi ti í nígbà tó o bá wà ní ṣọ́ọ̀bù."

Tíṣà ò gbọ́ ohun tó sọ. Ẹkún ò jẹ́ kó gbọ́ nǹkan kan. Àǹtí Agbẹ̀bí ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí létí. Ó wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dúró gbọnrangandan ní apá kan, ó wo Dókítà tó dúró ní apá kejì, ó wo àga ńlá tí òun fúnra rẹ̀ jókòó sí láàárín wọn. Ó gbé ara rẹ̀ ńlá dìde, ó fa àga náà yẹ̀ba sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó sì lọ jókòó síbẹ̀.